Oòrùn Ìyálẹ̀ta

Igi ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo dé ilẹ̀ Ìbàdàn. Ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, lápá òkè, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, pápá ló yí wa ká. Bí àlejò bá ń bọ̀, a ó ti rí i lókèèrè, a ó sì ti bu omi tí yóò mu sílẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ojú máa ń rìn jìnnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní abà ọkọ mi, lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá, ojú kì í rìn kọjá ẹ̀yìnkùlé. Ìrókò, àràbà, àti àwọn igi mìíràn tí n kò mọ orúkọ wọn, wọ́n dúró tì wá bí ògiri. Ọ̀sán gangan ni oòrùn ń ráyè yọjú sí wa, bí ẹni tó yọjú wo inú kànga. Kí a tó mọ̀ pé ó dé, ó ti kọjá.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo bi ọkọ mi pé níbo ni èèyàn ti ń rí sánmà ní abà yìí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbójú sókè."

Mo gbójú sókè. Ewé ni mo rí.

Obì ló gbé ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dọọdún ló máa ń ru obì wá sí ọjà wa, tí yóò sì ra òrí àti kánún padà. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í búra lórí ọjà rẹ̀. Nígbà tí ogun wá ń jà lọ́tùn-ún lósì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìlú tí yóò tú lọ́la, bàbá mi ní kí n máa bá a lọ, pé kò sí ogun tó lè kó Ìbàdàn. Bí mo ṣe di ará oko Ìbàdàn nìyẹn. N kò ní ròyìn ọ̀nà. Ẹni tó bá rin ọ̀nà ìgbà náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá rìn ín, kó máa dúpẹ́.

Àwọn ará abà kò ṣe mí níkà. Ará Òkè ni wọ́n ń pè mí. Èdè wa kan náà ni, àmọ́ bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, àwọn ọmọdé á tún un sọ láàárín ara wọn bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọkà bàbà ni mo jẹ dàgbà. Iṣu ni wọ́n ń jẹ níbí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Iyọ̀ tí mo dì sínú ewé á ti yọ́ kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Ìyá mi hun aṣọ kan fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Mo ṣí igbá aṣọ lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ó ti bu, ó hu funfun káàkiri ojú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Aṣọ nìkan kọ́ ni mo ń sunkún sí.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni híhun kíjìpá. Nílé wa, abẹ́ òrùlé kan tí kò ní ògiri ni àwa obìnrin ti ń hun ún, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wa, oòrùn á máa rìn lórí ẹsẹ̀ wa. Níbí, inú yàrá ni ìyá ọkọ mi gbé òfì sí fún mi. Wọ́n gbé e ti ògiri, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé nìkan ni mo fi ń ríran. Síbẹ̀, kíjìpá mi dára. Ó nípọn, kì í tètè gbó. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ń wá rà á láti Olódò, tí wọ́n bá sì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyàwó Aláṣọ ńkọ́?" Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju Ará Òkè lọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fún mi ní àyè kan láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè náà kò fẹ̀.

Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo bí èkejì, tó jẹ́ ọmọbìnrin, ìyá ọkọ mi gbé e lé ọwọ́, wọ́n ní, "Dúróoríìkẹ́ lorúkọ rẹ. Dúró, o ó rí bí a ó ṣe kẹ́ ọ." Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Dúró, èmi náà di Ìyá Dúró. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ mi bá olóyè ogun rẹ̀ jáde. Ogun náà kò sì parí bọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò kọjá, a kò rí i.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi tilẹ̀kùn mọ́ wa. Bí ogun bá wà lóde, àwọn ajínigbé máa ń ba sí ọ̀nà oko. Wọ́n á gbé obìnrin, wọ́n á gbé ọmọ, wọ́n á tà wọ́n síbi tí a kì í tún gbúròó ẹni. Ìyá ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ kọjá ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ṣe yí ilé ká. Dúró kò tilẹ̀ gbọdọ̀ jáde kúrò ní yàrá, kí ojú àjèjì má bàa rí i. Àwọn fúnra wọn ń pọn omi wá fún mi, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Mo ń hun aṣọ nínú ìdákúdàá yàrá, ọmọ mi wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro fún mi láti kọ̀.

Dúró pé ọmọ ọdún kan, kò rákòrò. Eyín rẹ̀ pẹ́ kó tó hù. Bó bá sùn, òógùn á bo orí rẹ̀ títí ẹní á fi tutù. Nígbà tó lé ní ọdún kan ààbọ̀, mo gbé e nà ró, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta bí igi ọrun. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Bí mo bá fi ọwọ́ gbá a mú níhà láti gbé e, á ké bí ẹni tí iná jó.

Èmi náà kò sàn jù ú lọ. Itan àti ìbàdí mi ń dùn mí débi pé bí mo bá fẹ́ dìde nídìí òfì, ògiri ni mo ń dì mú. Mo ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Èyí tó burú jù ni ti ọkàn mi. Orun kì í kùn mí lásìkò, bí mo bá sì sùn, n kì í fẹ́ jí. Ọbẹ̀ kò dùn lẹ́nu mi. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé ọwọ́ lé òfì, n kò ní rántí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo rò pé ilé ló ń pè mí. Mo rò pé bí ẹni tó bá kúrò nílé ṣe máa ń rí nìyí, pé ara á lọ, ọkàn á kọ̀ láti tẹ̀ lé e, tí èèyàn á sì máa gbé láàbọ̀.

Àwọn obìnrin ilé ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ní, "Dúró tí kò lè dúró." Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi wọlé wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí àpótí.

"Ìyá Dúró, mo ti ń wo ọmọ yìí. Ẹni òòṣà ni."

"Ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kàn rọ̀."

"Òòṣà ló ń mọ ẹsẹ̀. Bó bá mọ ọ́n báyìí, tirẹ̀ ni. Àwọn aláṣọ funfun wà ní ilé òòṣà lọ́hùn-ún. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Bí iṣu tuntun bá jáde tí kò tíì rìn, a ó mú un lọ."

"Kó máa gbé ibẹ̀ títí ayé?"

Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu òógùn orí ọmọ náà, wọ́n sì jáde.

Ohun tó so mí mọ́ ilé ní gbogbo àkókò yẹn ni Ìyá Oníkánún. Ará ìlú wa ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, wọ́n máa ń bá àwọn oníṣòwò sọ̀kalẹ̀ wá ta kánún nígbàkígbà tí ọ̀nà bá là. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ìyá mi á rán wọn sí mi. Ẹlòmíràn tí a bá rán níṣẹ́ á kàn ní, "Ìyá rẹ ní kí n kí ọ," ó parí. Ìyá Oníkánún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sọ ẹrù, wọ́n á mu omi, wọ́n á jókòó bí ìyá mi ṣe ń jókòó, ẹsẹ̀ kan nínà, wọ́n á húkọ́ díẹ̀, wọ́n á wá máa sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá mi gan-an. Níbi tí ìyá mi bá ti rẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Níbi tí ìyá mi bá ti dákẹ́, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá di ojú, ìyá mi ló jókòó níwájú mi.

Ní àbọ̀ wọn ìṣáájú, mo ti rán wọn sí ìyá mi nípa ẹsẹ̀ Dúró. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n tó padà wá. Mo di ojú.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí o wí. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ara wọn le, àlùhámúdù lílááhì. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì. Mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣé ọmọ náà ń rí oòrùn?"

Ìyá Oníkánún dákẹ́. Mo mọ̀ pé ìyá mi ló dákẹ́ níbẹ̀, pé wọ́n ń dúró de èsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ló wà láàárín wa. Mo dáhùn.

"Rárá, Ìyá. Kò rí i."

Ìyá Oníkánún ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. "Nígbà tí mo bí ọ, bí oòrùn bá ti yọ dáadáa, ní ìyálẹ̀ta, mo máa ń tẹ́ ẹní síta, mo máa ń tú aṣọ lára rẹ, mo máa ń tẹ́ ọ síbẹ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tiwọn ló kọ́ wọn. Wọ́n ní egungun ọmọ dà bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ: bí oòrùn kò bá rí i, ó ń rọ̀ ni. Má gbé e sínú oòrùn ọ̀sán tó ń jó èèyàn. Fi aṣọ bo orí rẹ̀, jẹ́ kí ara rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta. Bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná jù, gbé e wọlé. Kí ìwọ náà jókòó síbẹ̀, torí inú egungun ìyá lọmọ ti ń jẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Má jẹ́ kó sú ọ."

Wọ́n húkọ́, wọ́n sì padà di Ìyá Oníkánún. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ gan-an ti funfun lójú," wọ́n ní. "O dà bí ewé tí òkúta bò mọ́lẹ̀."

Níbo ni mo ti fẹ́ rí oòrùn? Lẹ́yìn ọgbà wa, ní ibi tí ohùn lè dé, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí igi kò lè hù lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin abà ti ń sá èlùbọ́. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu wọn, n kò débẹ̀ rí. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ máa bá wọn ṣọ́ èlùbọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní rárá, ojú wọn sì yí padà débi pé n kò lè tún un sọ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ ká òwú lóko. Mo pọn Dúró, mo fi ọwọ́ di ìbàdí mú, mo jáde.

Àwọn obìnrin ti sá èlùbọ́ wọn lọ. Iṣu gígé náà funfun lọ súà lórí àpáta. Mo rí sánmà. Mo rí i láti etí kan dé etí kejì, n kò mọ̀ pé mo ti ń ṣàárò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo tú aṣọ lára ọmọ mi, mo fi gèlè mi bo orí rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún, torí kò rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yá ó ṣí ojú kan. Ó rí òjìji ara rẹ̀ lórí òkúta. Ọmọ tó ti ń lọ sí ọdún méjì kò rí òjìji ara rẹ̀ rí. Ó gbé ọwọ́ sókè, òjìji gbé ọwọ́ sókè. Ó fẹ́ mú un, kò rí i mú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Oòrùn ń wọ ẹ̀yìn mi lọ bí ẹni tó fi omi gbígbóná àti aṣọ tẹ ojú egbò. N kò sọ pé ara mi yá lọ́jọ́ náà. Mo kàn mọ̀ pé mo lọ sílé, mo jẹ oúnjẹ mi tán.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń yọ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹfà, mo gbójú sókè, ìyá ọkọ mi ló dúró létí àpáta, agbọ̀n òwú wà lórí wọn. Wọn ò pariwo.

"Ta ló ní kí o gbé e wá síbí?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ ò sí níbí."

"Wọ́n ránṣẹ́ sí mi ni. Wọ́n ní oòrùn ló ń mú egungun ọmọ le."

Wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Ibi tí o jókòó sí yẹn, ibẹ̀ ni Àdùkẹ́ jókòó sí."

N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

"Ọmọ mi obìnrin ni. Òun ni mo bí ṣáájú ọkọ rẹ. Ó ń bá mi lé ewúrẹ́ kúrò lórí èlùbọ́. Mo ní kó dúró, kí n lọ bu omi sí i wá. Nígbà tí mo dé, èlùbọ́ ló kù."

Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá yé mi: ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, omi tí wọ́n ń pọn fún mi, ilẹ̀kùn tó ń wà ní títì. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn mí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Bí ẹ bá mú Dúró lọ ilé òòṣà, ó ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí mo bá sì gbé e padà sínú yàrá, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. N kò sọ pé kò sí ẹni tó lè jí i gbé níbí. Ẹ bá mi jókòó tì í ni."

Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n fi ọwọ́ kan ojúgun Dúró, ó sì ti gbóná nínú oòrùn. Wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kùmọ̀ ní ọwọ́ kan, àdá ní ọwọ́ kejì. "Ìyálẹ̀ta nìkan," wọ́n ní. "Bí mo bá ní ẹ dìde, ẹ dìde. O ò gbọdọ̀ bi mí pé kí ló dé."

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n á dojú kọ ọ̀nà. Fún ọjọ́ mélòó kan wọn ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ láìyíjú padà, nípa Àdùkẹ́, bó ṣe máa ń kọrin sí ewúrẹ́, bó ṣe kórìíra ilá. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé wọ́n ti ṣí aṣọ lórí orúnkún wọn, wọ́n sì na ẹsẹ̀ sínú oòrùn bíi tiwa. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Òrí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ wá, wọ́n máa ń gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi pa ẹsẹ̀ Dúró, wọ́n á fa ẹsẹ̀ náà nà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi ra orúnkún wọn.

Orun mi ló kọ́kọ́ padà wá. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé mo ń kọrin nídìí òfì. Àárò ilé kò lọ, àmọ́ ó fúyẹ́. Mo lè gbé e rìn. Mo ti ka gbogbo ìbànújẹ́ mi sí ọ̀rọ̀ ilé, kò sì rí bẹ́ẹ̀ tán. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti òkùnkùn yàrá yẹn. Èèyàn lè jẹ́ àlejò níbi kan kí ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n bí ara kò bá le, kò síbi tí kò ní í jẹ́ ilẹ̀ àjèjì fún un. Ti Dúró lọ́ra. Òógùn orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, mo gbá a mú níhà láti gbé e, kò ké.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́jọ́ kan, a gbọ́ ohùn ọkùnrin lójú ọ̀nà, wọ́n pọ̀. Ìyá ọkọ mi gbé kùmọ̀ sókè. "Ẹ dìde."

Mo gbé Dúró, mo dìde. N kò rántí bí mo ṣe kúrò lórí àpáta. Mo kàn rí ara mi nínú ọgbà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ mi lọ́rùn mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyá ọkọ mi wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹ. Wọ́n sọ kùmọ̀ sílẹ̀.

"Àwọn tó ń ru iṣu lọ Olódò ni. Wọ́n kí mi." Wọ́n jókòó, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Ìyá Dúró, o sáré."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Lóòótọ́ ni. Èmi tí mo ń di ògiri mú dìde, mo ti gbé ọmọ sáré láti orí àpáta dé ilé, itan mi kò dùn mí. Ẹ̀rín pa wá. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, n kò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀, oòrùn wá dín. Ọjọ́ tó bá yọ la ń lọ. Ní àárọ̀ kan, òjò àná ṣì wà nínú kòtò àpáta, ìyá ọkọ mi na kùmọ̀ wọn ró sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa òwú tí a ó gbìn. Dúró fa ara rẹ̀ lọ, ó di kùmọ̀ náà mú, ó sì dìde. Ó fi kùmọ̀ sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, ó sì jókòó sínú omi òjò pẹ́ẹ́.

"Mo ti ń sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan kùmọ̀ mi," ni ìyá ọkọ mi wí. Wọ́n sì fi aṣọ bo ojú wọn.

Iṣu tuntun jáde. Ilé la ti jẹ ẹ́, Dúró jókòó sáàárín wa, ó ń na ọwọ́ mú iṣu ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ilé òòṣà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀ nígbà náà. Ó tó ọdún méjì sí i kó tó nà tán.

Nígbà tí ọkọ mi ti ojú ogun dé, ó rù, àpá ọgbẹ́ kan ń bẹ lẹ́jìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pé. Kò tíì sinmi tán tí ìyá rẹ̀ fi fa àáké lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní kó gé àwọn igi tó wà lápá ìlà-oòrùn ilé, àfi ìrókò, kó sì kọ́ òrùlé kan tí kò ní ògiri síbẹ̀ fún òfì mi. Ọkọ mi wo ìyá rẹ̀, ó wò mí.

"Ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "Ṣé o fẹ́ gé e àbí kí n gé e?"

Ọdún díẹ̀ kọjá kí ọ̀nà tó là tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè lọ kí àwọn òbí mi. Dúró rin apá tó pọ̀ nínú ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ìyá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ra ẹran, wọ́n sì gbé e lé itan. Gbogbo nǹkan wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Pápá lọ súà, ojú ń rìn jìnnà. Bàbá mi ti darúgbó, a jọ ń jókòó níta lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Mo jẹ ọkà bàbà títí ó fi sú mi, n kò sì ronú rí pé ó lè sú mi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń jí láàárọ̀, mo ń tẹ́tí sí àwọn ẹyẹ igbó tí kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Mo ní, "Ìyá, ó yẹ kí n tètè máa lọ sílé. Ìgbà èlùbọ́ ti dé, ìyá ọkọ mi ò lè dá a gbé."

Ìyá mi kò gbójú sókè. "Ilé wo?"

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ojú tì mí. Mo rò pé mo ti dùn wọ́n.

"Ẹ̀yìn Ẹ̀gbẹ́dá," mo ní.

Wọ́n ju òkúta kan nù láti inú ẹ̀wà, wọ́n wò mí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí o lè sọ bẹ́ẹ̀."